Ìrìn-àjò Mi Nítorí Omi Wàrà: Mówè, Ìbàfò àti Ìfọ̀

Bí ẹ bá gbọ́ pé tíṣà kan ń rìn káàkiri pẹ̀lú ìwé lábẹ́ abíyá, tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ màlúù lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá pàdé, ẹ má ṣe rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Èmi ni. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́ ní Ìfọ̀ ló rán mi níṣẹ́. Owó wa ti jọ díẹ̀. Àwọn kan ní kí a fi ra ọkọ̀ akérò, àwọn kan ní kí a fi ra ilẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó pọ̀ jù ní kí a ra màlúù mẹ́rin, kí a máa fún wàrà wọn tà, nítorí pé mílíìkì inú agolo ti gbówó lórí débi pé ọ̀pọ̀ tíṣà ló ti padà sí orí ẹ̀kọ gbígbóná láìfi nǹkan kan sí i. Owó tí èmi dá sí i kì í ṣe owó àfiṣeré. Owó páànù ni. Ilé tí mo ń kọ́ ti dé òrùlé, ìyàwó mi sì ti kìlọ̀ fún mi pé bí màlúù bá kú lórí owó páànù, òun ń padà sílé bàbá òun títí tí èmi yóò fi rí òmíràn.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n ṣe bí olùkọ́ díẹ̀. Wàrà ni a ń pe èyí tó ti dì tí a ń dín tà lọ́jà, wàrà náà sì ni Bíbélì pe èyí tó ń ṣàn. Kí ọ̀rọ̀ má bàa dojú rú, èyí tó ń ṣàn ni mo ń pè ní omi wàrà níhìn-ín.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú ọlidé ni mo gbéra. Mo wọ ọkọ̀ ní Ìfọ̀, mo gba Sàńgó, mo sì dé Ojódù Berger kí oòrùn tó mú. Ibẹ̀ ni a ti ń wọ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1978. A kọjá ọjà màlúù Kara létí Odò Ògùn. Màlúù tó wà níbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ṣùgbọ́n ẹran pípa ni wọ́n. Kò sí ẹni tó ń wá omi wàrà dé Kara. A kọjá Arépo, a kọjá Mágbọ̀rọ̀, a kọjá Ìbàfò tí mo fẹ́ padà sí, a sì dé Mówè. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yìí nígbà tí ó jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ àti igbó kò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Ilé ló kù. Ara ògiri kan ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ilé yìí kì í ṣe títà; èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n kọ ọ́ sí i pé ilẹ̀ wà fún títà, owó díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa san.

Idaji àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ń lọ sí Redemption City láti gbàdúrà, àwọn ìyókù sì ń lọ ra ìrẹsì Ọ̀fàdà, nítorí pé Ọ̀fàdà kò jìnnà sí Mówè rárá. Èmi nìkan ni mo sọ̀ kalẹ̀ nítorí wàrà.

Mo rí ìyá oníwàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ó gbé ọpọ́n rẹ̀ lé orí àpótí, ó fi ọ̀rá bò ó nítorí eṣinṣin. Fúlàní ni, ṣùgbọ́n Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí, Yorùbá Òkè-Ògùn tó ń sọ sì já gaara ju tèmi lọ. Mo ní, "Ẹ kú ọjà o, Ìyá." Ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, Tíṣà." Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé tíṣà ni mí. Ó ní ta ni ìbá tún gbé ìwé dání lọ́jọ́ Sátidé?

Màlúù méje ló ní wàrà lọ́mú nígbà náà. Ó ń jí ní agogo mẹ́rin òru láti fún wọn, gbogbo ohun tó sì ń rí lára àwọn méjèèje kò ju lítà mẹ́sàn-án lọ. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni màlúù funfun àwọn Fúlàní ń ṣe. Lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ bá ti mu tirẹ̀, lítà kan tàbí méjì ni yóò kù fún ènìyàn lójúmọ́. Màlúù aláwọ̀ dúdú àti funfun ti ilẹ̀ Netherlands lè mú ogún lítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú un wá sínú oòrùn wa, kí eégbọn bò ó, kí ó máa rin ìrìn àárín ọ̀sán, ẹ ó sìnkú rẹ̀ láìpẹ́. Màlúù Fúlàní ń rìn, ó ń fara da ebi, kì í sì í tètè kú. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lè ṣe ló ń ṣe.

Mo bi ìyá náà pé kí ló dé tí kì í ta omi wàrà bó ṣe wà, tó fi ń sè é di wàrà. Ó wò mí bí ẹni tó bèèrè ìdí tí ìyá fi ń gbé ọmọ pọ̀n. "Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ ṣe é fún mi. Agogo márùn-ún ni mo fún un tán. Ẹlẹ́ṣin wa kì í dé kí ó tó di agogo méje. Bí mọ́tò bá sì há lójú ọ̀nà ńkọ́?"

Mo ṣe ìṣirò náà nígbà tí mo jókòó, ó sì bà mí lẹ́rù. Nínú omi wàrà tó lọ́wọ́ọ́wọ́, kòkòrò tí ojú kò lè rí lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí. Bí ẹyọ kan bá bọ́ sínú rẹ̀ ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀, yóò di méjì ní agogo mẹ́fà ààbọ̀, mẹ́rin ní agogo méje. Nígbà tí agogo mọ́kànlá bá fi lù, ó ti di 1,024. Ẹyọ kan nìyẹn o. Ọwọ́ tí a kò fọ̀ kì í gbé ẹyọ kan wọlé. Ìdí nìyí tí ìyá oníwàrà fi ń gbé e ka iná, tó ń da omi ewé bọmubọmu sí i kí ó dì, tó ń sè é, tó sì ń sẹ́ ẹ sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré. Iná ń pa kòkòrò, wàrà sì ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó bàjẹ́. Ọgbọ́n àwọn ìyá rẹ̀ ni, kò sí òyìnbó tó kọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ó gbà pé wọ́n ti kọ́ òun ní nǹkan mẹ́ta tí ìyá òun kò mọ̀. Obìnrin kan tó gbọ́ Fúlfúldé ló wá jókòó nílẹ̀ ní gáà wọn, kì í ṣe ẹni tó dúró pẹ̀lú bàtà níwájú wọn. Èkíní, kí a fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti aṣọ mímọ́ nu ọmú màlúù, kí a sì fọ ọwọ́. Èkejì, kí a fún ìfún àkọ́kọ́ sínú ife dúdú, kí a wò ó: bí ó bá ní ẹ̀gi bí ògì tó dì, ọmú náà ń ṣàìsàn, omi wàrà rẹ̀ kò gbọdọ̀ bọ́ sínú ti àwọn yòókù. Ẹ̀kẹta ló dùn ún jù, nítorí pé owó ló ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀: màlúù tí a bá fún ní abẹ́rẹ́ oògùn, a kò gbọdọ̀ ta omi wàrà rẹ̀ títí tí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn yóò fi pé. "Mo máa ń da á nù," ni ó wí, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ìgbà. N kò bá a wí. Èmi náà ti gba ìwé ìdánwò ọmọ tí mo mọ̀ pé ó jí i wò.

Ohun tó ń bà á nínú jẹ́ jù kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ibi tí ọkọ rẹ̀ ti ń da ẹran jẹ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ti ní géètì irin àti ẹ̀ṣọ́. Láti 2021 tí Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún ti fọwọ́ sí òfin tó ka dída màlúù kiri léèwọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, àfi kí wọ́n máa gé koríko wá fún ẹran. Àgbẹ̀ tí màlúù ti jẹ oko rẹ̀ rí kò ní bá wọn dárò, n kò sì dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n màlúù tí kò rìn mọ́ gbọ́dọ̀ jẹun síbẹ̀, ẹni tó sì ní í bọ́ ọ níbi kan gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò fún un. Èyí ló gbé mi padà sí Ìbàfò.

Bàbá kan wà lẹ́yìn Ìbàfò, ọmọ Ẹ̀gbá, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì, tó sì fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra màlúù. Ẹnì kan ló júwe rẹ̀ fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n dìde, ó bu omi fún mi, ó sì kọ́kọ́ sọ ti ìpàdánù rẹ̀, nítorí pé àgbà tó bá fẹ́ràn ọmọdé kì í fi ibi tí òun ti ṣubú pamọ́. Màlúù méjì tí wọ́n fi ti òyìnbó bí ló kọ́kọ́ rà, ní owó gegere. Kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ eégbọn fún un. Láàárín oṣù mẹ́rin, àwọn méjèèjì ti kú. Lẹ́yìn èyí ló tó lọ sí Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, ó ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ ibẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Ó ní ẹ̀yìn ìsìnkú ni òun lọ kọ́ ìtọ́jú aláìsàn.

Ó mú mi wo ọgbà ẹran. Màlúù márùn-ún ló wà níbẹ̀, abẹ́ òrùlé páànù (mo wo páànù náà pẹ̀lú ìlara). Omi wà níwájú wọn ní gbogbo ìgbà, nítorí pé omi ló pọ̀ jù nínú omi wàrà; nínú 100, nǹkan bí 87 jẹ́ omi lásán, màlúù tí òùngbẹ ń gbẹ kò sì lè fún ọ ní ohun tí kò mu. Ó gbin koríko esùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi igi agúnmániyè ṣe ọgbà yíká, ó ń ṣẹ́ ewé rẹ̀ fún wọn. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni èèpo ẹ̀gẹ́. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ mọ bí òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ ṣe ń rùn lẹ́yìn ilé gàárì. Bí màlúù bá jẹ ẹ́ ní tútù púpọ̀, oró inú rẹ̀ lè pa á. Àwọn onímọ̀ ILRI, ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí ohun ọ̀sìn tó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn, ti wá ọ̀nà kan tí a fi ń rin èèpo náà bí ẹ̀gẹ́ gàárì, tí a ń fún omi rẹ̀ jáde, tí a ń jọ̀ ọ́, tí a sì ń sá a. Dípò ọjọ́ méjì mẹ́ta, oòrùn ọjọ́ kan ti tó, ó sì di oúnjẹ ẹran tó lè pẹ́ nínú àpò. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù mẹ́ta tútù ló ń di tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ. Bàbá ń rà á lọ́wọ́ àwọn obìnrin onígàárì. Ohun tí wọ́n ń sanwó kó dànù tẹ́lẹ̀ ti di owó fún wọn.

Lẹ́yìn náà ni ó mú ìwé jáde. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ èyí. Ìwé ọmọ iléèwé ni, ẹlẹ́yìn pupa. Ojú ewé kan fún màlúù kọ̀ọ̀kan, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Màlúù kan ń mú lítà 4 wá, ó ń tà á ní ₦800 lítà kan, ó di ₦3,200. Oúnjẹ, iyọ̀, oògùn àti ìpín ọmọ tó ń tọ́jú rẹ̀ jẹ́ ₦1,900. Ó ku ₦1,300. Ó ṣí ojú ewé mìíràn. Àdùkẹ́ ni orúkọ màlúù yẹn. Òun ló lẹ́wà jù nínú ọgbà, ó ń wá bá bàbá níbi tó bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Lítà kan ààbọ̀ ló ń mú wá, ₦1,200 péré, ó sì ń jẹ ₦1,900. Àdànù ₦700 lójúmọ́, ₦21,000 lóṣù.

"Kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀," ni bàbá wí, "Àdùkẹ́ ni mo rò pé ó ń bọ́ mi."

Mo bi í pé ìgbà wo ni yóò tà á. Ó dákẹ́. Ó ní oṣù mẹ́jọ ti kọjá lẹ́yìn tí òun ti mọ̀. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, ó di ₦168,000, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ sókè. Àdùkẹ́ gbé orí rẹ̀ lé èjìká bàbá. Mo dúpẹ́, mo dágbére.

Ní ọ̀nà tí mo ń bá padà, mo ti pinnu pé màlúù mẹ́rin ni a ó rà, a ó ra ìwé ẹlẹ́yìn pupa mẹ́rin mọ́ ọn, èmi ni n ó sì máa kọ ọ́. Ohun tó yí mi lọ́kàn padà wà nílé níbi tí mo ti jáde. Òótọ́ ni pé ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó lè wà nínú àpò ṣòkòtò.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Ìfọ̀, ìlú ojú irin ni. Níbẹ̀ ni ẹ̀ka ojú irin àtijọ́ ti yà lọ sí apá Ìlaròó, nítòsí wa náà sì ni ibùdókọ̀ Kájọlà wà, lórí ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021 láti Èkó dé Ìbàdàn. Ọjà wa ń kún. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdé tó tẹ̀ lé e, wọ́n pe ìpàdé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọlọ́sìn màlúù lábẹ́ àtíbàbà kan, mo sì lọ. Ọkùnrin jókòó síwájú, obìnrin jókòó sẹ́yìn. Ọ̀dọ́kùnrin tó kọ́ wọn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó sọ pé ọmọ màlúù gbọ́dọ̀ mu omi ọmú àkọ́kọ́ láàárín wákàtí mélòó kan tí a bí i, nítorí pé ààbò àrùn wà nínú rẹ̀. Ó sọ pé kí a má ṣe mu omi wàrà láìsè é, nítorí ikọ́ fée àti ibà kan tí ń gba ara ẹran bọ́ sára ènìyàn. Ó sọ pé ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé-iṣẹ́ mínísírì ohun ọ̀sìn sílẹ̀ ní 2024. Ohun rere ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ló ń bá sọ̀rọ̀, ọkùnrin kò sì fún wàrà ní gáà wọn. Obìnrin ni.

Nígbà tó ní kí ẹni tó ní ìbéèrè dìde, arábìnrin kan láti ẹ̀yìn nawọ́. Ó gbé ọmọ pọ̀n. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Mo ti fọ ọwọ́. Mo ti fọ ọmú. Mo ra agolo onídẹ tí ẹ ní ká rà. Tí omi wàrà bá mọ́ tán, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ mi kí oòrùn tó mú?"

Gbogbo àtíbàbà pa lọ́lọ́. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní òun yóò kọ ọ́ sílẹ̀.

N kò sùn dáadáa lóru yẹn. Mo ronú kan Fáṣọlá nítòsí Ọ̀yọ́, àti Ìsẹ́yìn, àti Máyà. Láti 2010 ni FrieslandCampina WAMCO, àwọn oní-Peak, ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́sìn wàrà ní apá ibẹ̀. Wọ́n ń kọ́ni, ṣùgbọ́n wọ́n tún gbé ẹ̀rọ amómitutù sí ìtòsí gáà, ẹni tó bá fún omi wàrà ní òwúrọ̀ sì mọ ilé tí yóò gbé e lọ. Ètò ALDDN tí ilé-iṣẹ́ Sahel Consulting darí, tí àjọ Gates náwó sí, ka Ògùn àti Ọ̀yọ́ mọ́ ìpínlẹ̀ mẹ́fà tó dé, wọ́n sì fi àwọn obìnrin ṣáájú nínú rẹ̀. Mo tún rántí àwọn àgbẹ̀ Kaira ní Íńdíà. Ní 1946, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ra omi wàrà wọn ní owó tó wù ú. Wọ́n kọ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Anand, wọ́n ń gba omi wàrà lọ́wọ́ ẹni tó ní màlúù kan tàbí ẹfọ̀n kan láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ń sanwó. Ìyẹn ni Amul. Lónìí, Íńdíà ló ń mú omi wàrà jáde jù lọ ní gbogbo ayé, ọwọ́ àwọn ẹlẹ́ran kékeré ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti ń wá.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, mo dìde, mo ní kí a má ra màlúù kankan. Ariwo ta. Mo ní màlúù ti wà, obìnrin tó mọ̀ ọ́n fún ti wà, a kò sì lè mọ̀ ọ́n fún jù wọ́n lọ. Ohun tí kò sí ni ibi tí omi wàrà yóò ti tutù. Mo ní kí a ra fíríìsà ńlá tí ń lo iná oòrùn, kí a ra agolo onídẹ mẹ́wàá, kí a máa ra omi wàrà lọ́wọ́ wọn, kí a máa tà á fún àwọn tó ń ṣe wàrà àti yọ́gọ́ọ̀tì ní Ìfọ̀ àti Sàńgó. Akápò wa bi mí léèrè bóyá àwọn Fúlàní ti fún mi ní nǹkan jẹ. Àwọn mọ́kànlá gbà, àwọn mẹ́sàn-án kọ̀, ẹnì kan ń sùn. Àwọn méjì tó kọ̀ ti gba owó wọn padà. Páànù mi ṣì wà ní ilé oníṣòwò.

Mo kọ òfin sára ògiri pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. A ń fi ohun tó ń léfòó bí tẹmómítà wọn ọ́n láti mọ̀ bí wọ́n bá bu omi là á. Lẹ́yìn náà, a ń bu díẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwọ̀n kan náà ọtí sípíríìtì tí nọ́ọ̀sì fi ń nu ara ènìyàn. Bí ó bá dì, ó ti ń kan, a kò ní rà á, ẹnì yòówù kó gbé e wá.

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, obìnrin mẹ́sàn-án ló wá, lítà 31 ni a gbà. Ti ẹnì kan dì nínú ife. Arábìnrin tó bèèrè ìbéèrè lábẹ́ àtíbàbà ni. Ọ̀kadà tó gbé e wá ti yọnu lójú ọ̀nà. Ó wo ife, ó wò mí, ó ní, "Tíṣà, èmi náà?" Mo nàka sí ògiri, nítorí pé n kò lè wo ojú rẹ̀. Ó gbé agolo rẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ó lọ.

Ní ọjọ́ kejì, agogo mẹ́fà kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo dé láti ṣílẹ̀kùn. Ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ tútù ni ó fi wé agolo yíká. Mo bù ú sínú ife. Mo da sípíríìtì sí i, ọwọ́ mi gbọ̀n díẹ̀. Àwa méjèèjì wò ó. Kò dì.